Adìyẹ Pupa àti Ọrùn Ọwọ́ Màmá Mi

Maṣíìnì ìránṣọ màmá mi ló máa ń jí mi láàárọ̀ nílé wa ní Òkè-Baálẹ̀. Àkùkọ á ti kọ, wọ́n á ti pe ìrun ní mọ́ṣáláṣí ìsàlẹ̀ àdúgbò, n ò ní gbọ́ ọ̀kan nínú wọn. Ìró maṣíìnì yẹn nìkan ni etí mi mọ̀. Maṣíìnì dúdú àfọwọ́yí ni, tí òdòdó aláwọ̀ wúrà tí wọ́n yà sí i lára ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa rẹ́ tán, orí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ló sì máa ń wà. Ọwọ́ ọ̀tún ni màmá mi fi ń yí kẹ̀kẹ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ọwọ́ òsì ló fi ń darí aṣọ lábẹ́ abẹ́rẹ́. Tó bá ń rán ẹ̀gbẹ́ yẹ̀rì, ìró náà á lọ gbọọrọ láìdúró. Tó bá kan ọrùn aṣọ tàbí ojú apá, á lọ díẹ̀, á dúró, á tún lọ. Orí ẹní ni mo máa ń wà, ojú mi á ṣì wà ní pípadé, n ó sì ti mọ ibi tó dé lára aṣọ. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn ọmọ kíláàsì mi lọ́jọ́ kan, wọ́n ní irọ́ ni mò ń pa. Mo máa ń parọ́ díẹ̀díẹ̀ nígbà yẹn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìyẹn kì í ṣe irọ́.

Àwa mẹ́rin la wà nínú ilé. Bàbá mi jẹ́ akọ̀wé ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ ní Ìbòkun, ó ń bá ọkọ̀ àárọ̀ lọ, ó ń bá ti ìrọ̀lẹ́ dé, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò sì pọ̀. Màmá mi, Ìyá Mojí, ni télọ̀ tí gbogbo àdúgbò mọ̀. Èmi ni Mojí, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Ẹnì kẹrin wa ni Ìyá Àgbà, ìyá bàbá mi, ọmọ Ìbòkun. Ó ti bá wa gbé ní Òṣogbo fún ọ̀pọ̀ ọdún, àmọ́ Òṣogbo ò rí ẹnu rẹ̀ gbà. Ulé ló ń pe ilé, uṣu ló ń pe iṣu. A máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, òun náà á sì dá a padà fún wa pé ẹnu àwa ará Òṣogbo rọ̀ bí ẹ̀kọ gbígbóná. Bí kò bá tíì rí iyán, kò tíì jẹun nìyẹn. Ẹ lè gbé ìrẹsì àti ẹ̀wà àti dòdò síwájú rẹ̀, á jẹ gbogbo rẹ̀ tán, á nu ẹnu, á wá béèrè pé kí la máa jẹ. Màmá mi ló máa ń gún iyán náà fún un, ìró odó sì ni ìró kejì tí mo mọ̀ mọ́ ilé wa. Adìyẹ Ìyá Àgbà ló kún ẹ̀yìnkùlé, pupa ni gbogbo wọn, ìran kan náà, òun nìkan ló sì lè mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì.

Ìgbà òjò ni ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀. Àwa ọmọ ilé ìwé wà ní họlidé, màmá mi sì ti gba yunifọ́ọ̀mù rẹpẹtẹ tí àwọn ọmọ máa wọ̀ wọlé. Kì í gé aṣọ kankan tí kò bá tíì rẹ ẹ́ sómi kó sì sá a, kó lè sunkì tán kó tó dé ara oníbàárà. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, aṣọ wà lórí okùn, òjò ṣú lójijì. Màmá mi sáré jáde. Simẹ́ńtì ẹ̀yìnkùlé wa, níbi tí omi balùwẹ̀ ń gbà kọjá, máa ń yọ̀ bí ilá nígbà òjò. Ó ti kó aṣọ sí apá òsì nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀. Ẹlòmíì ìbá ju aṣọ nù kó fi ọwọ́ méjèèjì gba ara rẹ̀ sílẹ̀. Màmá mi ò jù ú. Ọwọ́ ọ̀tún nìkan ló nà sílẹ̀, gbogbo ara rẹ̀ sì lọ lé e. Nígbà tí mo débẹ̀, ó jókòó sórí simẹ́ńtì nínú òjò, ó gbé àwọn aṣọ náà sókè, ó ní, “Mojí, gbà á wọlé kíá, kò kan ilẹ̀.” Ohun tó kọ́kọ́ tẹnu rẹ̀ jáde nìyẹn.

Wọ́n ya àwòrán eegun rẹ̀ ní ilé ìwòsàn kékeré kan nítòsí wa. Wọ́n ní àwọn ò rí ibi tó ṣẹ́, pé ó kàn fi rọ́ ni, wọ́n fún un ní báńdéèjì àti oògùn ìrora. N kì í bínú sí wọn mọ́. Ó pẹ́ lẹ́yìn náà kí n tó gbọ́ pé irú eegun bẹ́ẹ̀ lè ṣẹ́ kí ojú ibi tó ti ṣẹ́ fara pamọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, mẹ́ta, kí àwòrán má rí i. Ọwọ́ tó wú náà rọlẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìrora kan dúró sí ìdí àtàǹpàkò rẹ̀, kò lọ. Bó bá fẹ́ ṣí ìdérí ìgò báyìí, á fún eyín pọ̀. Ìyá Àgbà wò ó títí ó sú u. Ó ní, “Ìyàwó mi, jẹ́ á lọ sí ulé. Bàbá Ọlọ́parun á bá ọ wò ó.”

Ato-eegun ni Bàbá Ọlọ́parun, ní abúlé kan lẹ́yìn Ìbòkun, láàárín oko kòkó àti oko obì. Ọparun tó ń là wẹ́wẹ́ láti fi di eegun ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Arúgbó tíńrín ni, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sì le bí èèpo igi. Kò béèrè ìwé, kò béèrè àwòrán. Ó gba ọwọ́ màmá mi, ó ní kó na àtàǹpàkò sókè. Tẹ́ ẹ bá na àtàǹpàkò yín bẹ́ẹ̀, kòtò kékeré kan á yọ ní ìdí rẹ̀, lápá ọ̀dọ̀ ọrùn ọwọ́. Ó fi ìka kan tẹ kòtò yẹn. Màmá mi figbe ta débi pé àwọn ewúrẹ́ tó sùn sábẹ́ àká dìde.

“Ìyàwó wa, ó ṣẹ́,” Bàbá ní. “Ta ló ní kò ṣẹ́?”

Mo fẹ́ kí ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí àwọn èèyàn máa ń rò pé mo fẹ́ fi bàbá náà ṣe ẹlẹ́yà tí mo bá ń sọ ìtàn yìí. Ó rí i. Ìka kan ṣoṣo ló fi rí ohun tí ẹ̀rọ ò rí.

Lẹ́yìn náà ló ní kí wọ́n gbé adìyẹ wá. Ìyá Àgbà ti mọ̀ pé á béèrè, ó ti mú ọ̀kan lára àwọn adìyẹ pupa rẹ̀ dání nínú apẹ̀rẹ̀. Bàbá gbé e sórí itan, ó fi ọwọ́ pa á lẹ́yìn jẹ́jẹ́ títí ó fi dákẹ́, ó wá di ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ mú, ó sì ṣẹ́ ẹ. Ó dún bí ìgbà tí èèyàn bá ṣẹ́ igi ìdáná tó gbẹ. Mo bú sẹ́kún. Màmá mi gbójú sí ẹ̀gbẹ́ kan, àmọ́ ó rí i. Òrí kan náà ni Bàbá fi ra ọwọ́ màmá mi àti ẹsẹ̀ adìyẹ, ewé gígún kan náà ló fi lé wọn, ọparun àti àkísà kan náà ló fi dì wọ́n. Ó ní kí a gbé àwọn méjèèjì lọ sílé. “Lọ́jọ́ tí adìyẹ yìí bá fi ẹsẹ̀ yìí tẹlẹ̀ tó fi tan ilẹ̀,” ó ní, “ọjọ́ yẹn ni kí ẹ tú ti ìyá.” Ó wá yíjú sí mi, ó ní, “Ìwọ tó ò ń sunkún un, ìwọ ni kó o máa tọ́jú rẹ̀.”

Bí mo ṣe di olùtọ́jú adìyẹ nìyẹn. Abẹ́ àgò lẹ́bàá ògiri ilé ìdáná ló ń gbé. Mò ń rẹ àgbàdo fún un, mò ń pààrọ̀ omi rẹ̀, mò ń lé àwọn tó kù tó bá fẹ́ bá a jẹ. Ẹni tó bá wọlé, kó tó kí màmá mi, á kọ́kọ́ béèrè pé, “Adìyẹ ńkọ́?” Bàbá mi pàápàá, tí kì í sọ̀rọ̀, á dé láti Ìbòkun, á bẹ̀rẹ̀ wojú àgò, á mi orí, á wọlé. Adìyẹ náà di èèyàn pàtàkì. Ilé wa sì dákẹ́. Maṣíìnì wà lábẹ́ aṣọ tí wọ́n fi bò ó, odó wà ní ìdojúdé. Ìyá Àgbà ń jẹ èbà tí èmi rò, ó koko bí òkúta lápá kan, ó rọ̀ bí ògì lápá kejì, ìyá arúgbó náà sì ń gbé e mì láìsọ nǹkan kan. Mo mọ̀ pé ó le fún un. Orí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ni yunifọ́ọ̀mù tí màmá mi ti gé tẹ́lẹ̀ wà, ó ga dé ẹ̀yìn àga. Ìwọlé ń sún mọ́lé. Àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í wá, wọ́n á bá a kẹ́dùn, wọ́n á jókòó díẹ̀, wọ́n á wá fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ pé àwọn á kó aṣọ ọmọ àwọn lọ sọ́dọ̀ télọ̀ òpópónà kejì ná. Màmá mi á ní kò burú, á fi ọwọ́ òsì ká a fún wọn dáadáa. Tí wọ́n bá lọ tán, á máa wo maṣíìnì.

Mi ò lè fara da wíwò yẹn. Lọ́sàn-án Sátidé kan, Ìyá Àgbà lọ sí ìpàdé ìjọ, màmá mi tòògbé lórí àga. Mo ṣí àgò. Mo kàn fẹ́ mọ̀ bóyá adìyẹ ti lè rìn ni. Mo gbé e sílẹ̀, mo tì í díẹ̀ lẹ́yìn. Ó fi ẹsẹ̀ kan tọ, ó tún tọ, ó tọ gba abẹ́ ọgbà lọ sí ẹ̀yìnkùlé àwọn ará ilé kejì, ajá wọn sì wà níbẹ̀. N ò ní sọ ìyókù. Mo sin ohun tí ajá fi sílẹ̀ sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ lẹ́yìn balùwẹ̀. Àyà mi ń já pé bí adìyẹ náà ṣe kú yìí, ọwọ́ màmá mi náà ti kú nìyẹn. Kí n tó ronú dé ibì kankan, mo ti mú òmíràn nínú àwọn adìyẹ pupa Ìyá Àgbà, mo fọ ẹ̀jẹ̀ kúrò lára ọparun, mo so ó mọ́ adìyẹ tuntun náà ní ẹsẹ̀ ọ̀tún, mo sì fi àgò dé e. Nírọ̀lẹ́, Ìyá Àgbà ka adìyẹ rẹ̀, ó dín ọ̀kan. Ó dúró ní ẹ̀yìnkùlé, ó ṣẹ́ èpè fún olè adìyẹ, ó ní kí ọwọ́ tó mú un wú. Mo fi ọwọ́ mi sẹ́yìn.

Adìyẹ tí nǹkan kan ò ṣe kì í dákẹ́. Kò ju ọjọ́ mẹ́fà lẹ́yìn náà, bí mo ṣe gbé àgò sókè láti fún un lómi, ó jáde, ó fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹlẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tan ilẹ̀ tòun ti ọparun lẹ́sẹ̀. Ìyá Àgbà ló rí i. “Ó ti tẹ̀ ẹ́ o! Ẹ wá wò ó, ó ti tẹ̀ ẹ́!” Àwọn ará ilé kejì jáde. Màmá mi náà jáde, ó bẹ̀rẹ̀, ó wo adìyẹ náà fún ìgbà pípẹ́. Mo rò pé ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run nínú ọkàn rẹ̀ ni. Ó dìde, ó na ọwọ́ fún Ìyá Àgbà, ó ní, “Màmá, ẹ bá mi tú u.” Kò tíì pé oṣù kan tí wọ́n dì í. Bí wọ́n ṣe tú u tán, ó fi omi gbígbóná nu òrí kúrò, ó lọ jókòó sídìí maṣíìnì.

Mo gbọ́ ọ láàárọ̀ ọjọ́ kejì lórí ẹní, mo sì mọ̀ pé kò dáa. Á yí i bí ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá, á dúró. Ẹ̀gbẹ́ yẹ̀rì ló ń rán, kò sì yẹ kó dúró lójú ẹ̀gbẹ́ yẹ̀rì. Ó rán díẹ̀ nínú àwọn yunifọ́ọ̀mù náà, ojú ìrán wọn wọ́, ó tú wọn, ó tún wọn rán. Sísọ́ọ̀sì ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbìyànjú láti gún iyán lẹ́ẹ̀kan, ọmọ odó já bọ́, Ìyá Àgbà sì gba odó lọ́wọ́ rẹ̀. Òjò kásẹ̀ nílẹ̀, ọyẹ́ dé, ọwọ́ náà ò yí padà. Ó ti ń fi ọwọ́ òsì ró ìró, ó ń fi ọwọ́ òsì bu ọbẹ̀. Ìyá Àgbà ní a ò dúró pẹ́ tó lọ́dọ̀ Bàbá Ọlọ́parun. Èmi ní tèmi ti mọ ẹni tó jẹ̀bi. Mi ò lè jẹ ẹran adìyẹ, mi ò lè kọjá nídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀ yẹn. Lọ́jọ́ kan ni bàbá mi wọlé, ó bá màmá mi tó ń fi eyín já òwú nítorí pé kò lè fún sísọ́ọ̀sì. Ó gbé báàgì rẹ̀ sílẹ̀, ó ní, “Ọjọ́ Ajé, gbogbo wa ń lọ sí Iléṣà.” Ọ̀rọ̀ yẹn gùn fún un.

Dókítà eegun tó gbà wá ní Iléṣà jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀ṣà, ulé ni òun náà ń pe ilé, inú Ìyá Àgbà sì ti dùn kó tó gbọ́ ohunkóhun. Ó gba ọwọ́ màmá mi, ó ní kó na àtàǹpàkò, ó fi ìka kan tẹ kòtò yẹn. Ibẹ̀ náà ni Bàbá Ọlọ́parun tẹ̀. Wọ́n ya àwòrán tuntun, ó gbé e sójú fèrèsé kí ìmọ́lẹ̀ lè là á kọjá. Eegun kékeré kan ló fi hàn wá, kò ju kóró kaṣú lọ, ó sì ti dá sí méjì, àárín rẹ̀ ṣí sílẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n la obì.

“Ẹ wò ó, Màmá,” ó ní. “Eegun yìí lágídí. Apá kan ni ẹ̀jẹ̀ ń gbà wọ inú rẹ̀. Tó bá ti dá sí méjì, ebi ẹ̀jẹ̀ á máa pa ìlàjì kejì, kò ní rí nǹkan fi so pọ̀.”

Kò sẹ́ni tó bi mí, àmọ́ mo ti sọ̀rọ̀. Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́, sà, ṣé adìyẹ ló fà á?”

Ìyá Àgbà dá mi lóhùn pé kí n panu mọ́. Dókítà ní kí wọ́n jẹ́ kí n sọ̀rọ̀. Bàbá mi ló ṣàlàyé ọ̀rọ̀ adìyẹ fún un, dókítà ò sì rẹ́rìn-ín. Ó ní òun mọ̀ ọ́n, bàbá tó bí òun lọ́mọ náà, adìyẹ ni wọ́n fi wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì jinná. “Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ pọ̀ nínú eegun ẹsẹ̀,” ó ní. “Ti adìyẹ á jinná, ti ẹsẹ̀ èèyàn á jinná. Kékeré yìí yàtọ̀. Kò mọ̀ pé adìyẹ wà láyé.”

“Tí wọ́n bá dì í pẹ́ ńkọ́, sà? Tí wọn ò bá tètè tú u?”

Ó wò mí. “Ó lè jinná,” ó ní. “Ó sì lè má jinná.” Òótọ́ ló sọ, mo sì ń bọ̀wọ̀ fún un títí di òní pé kò parọ́ fún ọmọdé, àmọ́ ìdajì ọ̀rọ̀ yẹn ni mo gbé relé, ìdajì tí n ò fẹ́.

Ó ní àwọn á la ọrùn ọwọ́ náà, wọ́n á gé eegun díẹ̀ láti ìbàdí màmá mi, wọ́n á fi dí àárín eegun tó ṣẹ́, wọ́n á fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ kàn án pọ̀, wọ́n á wá fi pí-ó-pí tó ń le bíi simẹ́ńtì dì í fún oṣù mẹ́ta. Ìyá Àgbà fọwọ́ lérí. “Ẹ ó gé ti ìbàdí lẹ̀ mọ́ ti ọwọ́? Ṣé ògiri ulé lẹ fẹ́ rẹ́ ni?” Dókítà ní, “Bẹ́ẹ̀ gan-an ni, Ìyá.” Àmọ́ ó ní nǹkan kan wà. Tí wọ́n bá là á tí wọ́n rí ẹ̀jẹ̀ lójú ìlàjì kejì yẹn, eegun náà ṣì wà láàyè, ó ṣeé ṣe kó so. Tí kò bá sẹ́jẹ̀ níbẹ̀ rárá, ó ti kú. Wọ́n á lè mú ìrora kúrò, àmọ́ ó lè di dandan kí wọ́n de ọrùn ọwọ́ náà pọ̀, kò sì ní tẹ̀ mọ́.

Màmá mi ò béèrè nípa ọ̀bẹ, kò béèrè bóyá ó máa dùn ún. Ó ní, “Dókítà, tí kò bá tẹ̀ mọ́, ṣé n ó lè yí maṣíìnì?”

“Rárá, Màmá.”

Ó mi orí. Ó ní, “Ẹ bá mi wá ẹ̀jẹ̀ náà.”

Lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ, a jókòó sórí bẹ́ǹṣì gígùn kan ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, bàbá mi, Ìyá Àgbà, èmi. Ìyá Àgbà ti gún iyán fúnra rẹ̀ láàárọ̀, ó wé e sínú ewé, kò sẹ́ni tó jẹ ẹ́, òun pàápàá ò jẹ ẹ́, ìgbà àkọ́kọ́ tí mo máa rí irú ẹ̀ nìyẹn. Mò ń bá Ọlọ́run dá ẹ̀jẹ́. Mo ní tí ẹ̀jẹ̀ bá wà níbẹ̀, n ó jẹ́wọ́. Oòrùn ti kúrò lójú fèrèsé kí dókítà tó yọ, aṣọ àwọ̀ ewé ló wọ̀, ìbòmú rẹ̀ ṣì wà lọ́rùn. Ó rí wa, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, “Ó ṣẹ̀jẹ̀.” Ìyá Àgbà kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń kígbe pé, “Ẹ̀jẹ̀ wà! Ọlọ́run o ṣeun, ẹ̀jẹ̀ wà!” Àwọn tó jókòó sí bẹ́ǹṣì kejì dìde, wọ́n sún jìnnà sí wa. Bàbá mi yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún nù ún.

Ìbàdí tí wọ́n ti gé eegun ló dun màmá mi jù nígbà tó délé. Ó ń tiro. Ó tiro wọ ẹ̀yìnkùlé lọ́jọ́ kan, ó rí mi níbi tí mo ti ń fọ́n àgbàdo fún àwọn adìyẹ, ó ní, “Mojí, fún èmi náà lágbàdo, èmi ni adìyẹ báyìí.” Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Mo ju igbá sílẹ̀, mo sá wọ balùwẹ̀.

Pí-ó-pí náà gba orí àtàǹpàkò lọ dé ìsàlẹ̀ ìgbọ̀nwọ́, ó sì máa wà níbẹ̀ fún oṣù mẹ́ta. Lọ́sẹ̀ kejì, màmá mi ṣí aṣọ lórí maṣíìnì, ó pè mí, ó ní kí n fa àpótí jókòó lápá ọ̀tún òun. Òun á fi ọwọ́ òsì darí aṣọ, èmi á máa yí kẹ̀kẹ́. Mo ti fi etí mọ iṣẹ́ yẹn fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò sì pẹ́ tí ọwọ́ mi fi mọ̀ ọ́n. “Rọra.” “Máa lọ.” “Dúró.” “Ẹ̀gbẹ́ nìyí, jẹ́ kó gùn.” Lẹ́yìn ọjọ́ bíi mélòó kan, kò sọ ọ́ mọ́, mo ti ń mọ ibi tó kàn. Àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í padà wá, àwọn kan sì kàn ń wá wòran wa. N ò rò pé mo tún ti sún mọ́ ẹnikẹ́ni báyẹn rí láyé mi. Ọ̀sán kan, à ń rán ọrùn ẹ̀wù kékeré kan, mo rántí ẹ̀jẹ́ mi, ọwọ́ mi dúró.

“Màmá,” mo ní, “adìyẹ tó tan ilẹ̀ yẹn, òun kọ́ ni Bàbá Ọlọ́parun ṣẹ́ ní ẹsẹ̀.”

Kò gbójú sókè. Ó ní, “Yí i.”

“Ajá ló pa ti Bàbá. Èmi ni mo ṣí àgò. Mo mú òmíì nínú ti Ìyá Àgbà, mo so ọparun mọ́ ọn. Èmi ni mo jẹ́ kí wọ́n tètè tú ọwọ́ yín.”

“Ẹsẹ̀ òsì ni Bàbá ṣẹ́,” màmá mi ní. “Níṣojú mi ló ṣẹ́ ẹ. Ọ̀tún ni ìwọ so ó mọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ wò ó lọ́jọ́ tí Ìyá Àgbà ń pariwo yẹn, mo sì rí i.”

Mo rò pé n ò gbọ́ dáadáa. Mo ní, “Ẹ rí i? Kí ló dé tí ẹ ní kí wọ́n tú u?”

Ó fi ọwọ́ òsì tẹ́ aṣọ náà dáadáa lábẹ́ abẹ́rẹ́. “Yunifọ́ọ̀mù wà lórí àga yẹn,” ó ní. “Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń kó o lọ lójú mi. Mo ní kí n kúkú gbà pé ó ti jinná, bóyá ọwọ́ náà á gbà bẹ́ẹ̀. Ìwọ ń kánjú, èmi náà ń kánjú. Àwa méjèèjì la parọ́ fún ọwọ́ yìí, Mojí. Má wá dá ẹ̀bi náà gbé.” Nígbà tó rí i pé mò ń sunkún, ó fa ẹ̀wù náà sẹ́yìn. “Má sunkún sórí aṣọ oníbàárà. Nu ojú rẹ, kó o yí i.” Mo yí i.

Nígbà tí wọ́n tú pí-ó-pí, apá náà ti rù, àwọ̀ rẹ̀ ti ṣí. Dókítà gbé àwòrán sójú fèrèsé bíi ti àkọ́kọ́. Mo wá àlàfo tó wà láàárín eegun yẹn títí, mi ò rí i. Kò tán síbẹ̀ ṣá. Ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ni màmá mi fi ń ki ọwọ́ bọ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, tó ń fún àkísà tí a ká róbótó, tó ń tẹ ọrùn ọwọ́ díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú omijé lójú. Èmi ló ń yí maṣíìnì ní gbogbo ìgbà yẹn. Títí di àárọ̀ ọjọ́ kan, mo wà lórí ẹní, ojú mi wà ní pípadé, mo gbọ́ ìró kan. Ó bẹ̀rẹ̀ jẹ́jẹ́, ó ń lọ. Mò ń dúró dìgbà tó máa dúró. Kò dúró. Ó lọ gbọọrọ, láti òkè dé ìsàlẹ̀ yẹ̀rì, ó sì já òwú. Mo gbọ́ sísọ́ọ̀sì.

Mo ti dàgbà ju màmá mi ìgbà yẹn lọ báyìí. Ẹ̀sà-Òkè ni mò ń gbé, ní ilé ìwé tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ọlọ́mọ, mo sì máa ń lọ sí Òkè-Baálẹ̀ ní ìparí ọ̀sẹ̀. Ìyá Àgbà ti lọ, bàbá mi náà ti lọ. Màmá mi ti darúgbó, ó ní ọrùn ọwọ́ náà máa ń fún òun nígbà ọyẹ́, kò sì tẹ̀ sẹ́yìn tó ti òsì, ṣùgbọ́n ó rán aṣọ tí àwọn ọmọ mi wọ̀ lọ sí ilé ìwé, ó sì ń gún iyán tirẹ̀ tó bá wù ú. Tí mo bá ti dé, á pa adìyẹ. Nígbà tí gbogbo ilé bá jókòó tán, ọmọ, àna, ọmọ-ọmọ, á fi ọwọ́ ọ̀tún yẹn ki ìgbakọ bọ ìkòkò, á gbé e dúró lókè, ọwọ́ náà ò ní gbọ̀n, á wò mí lójú, á ní, “Mojí, ẹsẹ̀ wo lo fẹ́? Òsì ni àbí ọ̀tún?”

“Òsì ni, mà,” èmi á dáhùn.

“Ó dáa,” á ní, á gbé e sínú àwo mi. “O ti wá mọ̀ ọ́n báyìí.”